Ohun Tí Mama Ozella Ń Gbọ́ Nínú Ààrò

Ọdún mẹ́ta rèé tí ojú Mama Ozella, ìyá ọkọ mi, ti fọ́. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti fọwọ́ kan páànù tó fi ń yan kọ́bùlà ápù, àkàrà òyìnbó tí wọ́n ń fi ápù àti fulawa ṣe, nígbà tí ẹbí bá pé jọ lóṣù kẹwàá. Lọ́dún yìí ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ló bá ní èmi ni kí n ṣe é. Inú bí Verlene, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin.

"Ìyàwó tó dé lánàá! Tó bá fi bà á jẹ́, èmi ni màá máa ṣe é láti àmọ́dún lọ. Mo ti sọ fún gbogbo wọn."

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Mo yọ́ bọ́tà nínú páànù irin, mo da fulawa tí mo fi mílíìkì pò lé e, mo wá to ápù tí mo ti fi ṣúgà sè sórí rẹ̀. Ó rí jákujàku lójú mi. Ni mo bá mú ṣíbí.

"Ta ló ń fi ṣíbí kan irin yẹn?" Mama pariwo lórí àga. "Gbé e sílẹ̀! Tó o bá rò ó pọ̀, ọbẹ̀ lo sè yẹn."

"Mama, ápù ti bo fulawa mọ́lẹ̀ o."

"Á gòkè fúnra ẹ̀. Fi í sílẹ̀."

Mo gbé e sínú ààrò. Mo ń wò ó látojú gíláàsì nígbà tí fulawa ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí láàárín ápù, díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹni tó tì í, títí ó fi bo gbogbo wọn. Háà! Mo kúnlẹ̀, mo lanu sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń jẹ ẹ́, n kò mọ̀ pé ohun tó ń ṣe nínú ibẹ̀ nìyí.

"Má wo aago," ni Mama wí. "Etí ni kó o fi gbọ́. Tó bá ṣì ń hó wàràwàrà, kò tíì jinná. Tí ìró rẹ̀ bá wúwo, tó ń fà, gbé e."

Kò pẹ́, orí Mama tẹ̀ lórí àga, ó ń hanrun.

Ọkọ̀ àwọn ẹbí ti ń wọ àgbàlá. Mo gbé etí sẹ́bàá ààrò. Híhó náà yá, ó yá, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

"Mama, ṣé kí n gbé e?"

Ó ń hanrun.

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójú aago," ni Verlene wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣí i, wàá rí i."

Mo ṣí i. Mo gbé e jáde.

Ojú rẹ̀ pọ́n dáadáa. Verlene bù ú wò, ó jẹ ẹ́. Ó tún bù ú. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Mama, ẹ jí! Ẹ̀ ń sùn, ìyàwó yín ti gbé e láìdúró dè yín."

"Ta ló sùn?" ni Mama wí. "Mo gbọ́ ìgbà tó jinná. Mo kàn panu mọ́ ni, kí n mọ̀ bóyá òun náà á gbọ́."