Bíréèkì Apá Òsì

Ọdún kọkànlá rèé tí obìnrin yìí ti ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. "Màdáámù Òdo" ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nítorí òfin rẹ̀ kan: ẹni tó bá gbé aláìsàn dìde láì ti bíréèkì méjèèjì tó wà lára àga oníkẹ̀kẹ́, òdo ló máa gbà, bó ti wù kó mọ ìyókù tó.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ọkùnrin tó yẹ kó wá ṣe aláìsàn kò yọjú. Ni olùkọ́ bá gbé bàbá tó bí i wá. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni rọpárọsẹ̀ mú Bàbá lápá òsì. Nílé, kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kan apá náà. "Mi ò bí ọ kó o wá máa pò mí bí ìyẹ̀fun," ló máa ń wí.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá tún kùnà, wọ́n á lé e nílé ìwé. Ó kúnlẹ̀ síwájú àga.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Ṣé ibì kan ń dùn yín?"

"Ebi ló ń pa mí. Obìnrin tó fajú ro yẹn ò jẹ́ kí n jẹun tán."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ti bíréèkì apá ọ̀tún, ó to ẹsẹ̀ Bàbá, ó sì na ọwọ́ gbá a mú. Ó gbàgbé ti òsì.

Olùkọ́ ti gbé bírò kó tó rí i. Ọwọ́ òsì Bàbá, tí kò mira láti oṣù mẹ́jọ, ń rákò lórí itan. Ó dé ìdí bíréèkì, ó tì í. Ọmọ náà gbé e dìde, àga kò yẹ̀.

"Ta ló ti bíréèkì òsì?" Olùkọ́ béèrè.

"Ọmọ yìí ni," Bàbá dáhùn. "Àbí ojú ẹ ti ń fọ́ ni?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Bàbá ni, mà. Mo gbàgbé."

"Òpònú," ni Bàbá sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ta ló bi ọ́?"

Olùkọ́ rántí ìyá àgbà kan tó bọ́ mọ́ òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́dún tó kọ́kọ́ gbaṣẹ́, nítorí bíréèkì kan tí kò tì. Ìbàdí ìyá náà kán, kò sì rìn mọ́ títí tó fi kú. Ó kọ òdo, ó buwọ́ lù ú. Ọmọ náà dúpẹ́, ó jáde.

Nígbà tí olùkọ́ àti Bàbá ń lọ sídìí mọ́tò, olùkọ́ di ẹ̀yìn àga mú.

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò."

"Bàbá, ọwọ́ yín ṣiṣẹ́. Mo rí i."

"O rí i, o sì kọ òdo."

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì ti táyà fúnra rẹ̀. Òsì kò lágbára tó, àga ń yà kọlu ògiri, ó ń tún un ṣe, ó tún ń yà. Ọmọ rẹ̀ ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń tẹ̀ lé e, kò sì fọwọ́ kan án.