Ìlà Kejìlélógóje

Ìlà kejìlélógóje nínú kóòdù wa. Èmi ni mo kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ — irọ́. Ìyá Ìbejì tá a jọ ń kọ kóòdù níbi iṣẹ́ mọ̀. Ó wà ní yàrá ọ̀gá báyìí, lẹ́yìn gíláàsì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ò ju báyìí lọ: kóòdù tá a fi Python, èdè kọ̀ǹpútà, kọ, táwọn ilé ìwòsàn fi ń bá ẹ̀rọ wa sọ̀rọ̀, kí n kọ ọ́ sára àṣẹ kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀: ohun tó ń gbà wọlé, ohun tó ń mú jáde. Nọ́ńbà ni? Ọ̀rọ̀ ni? Àbí ó lè jáde lófo? Mo dé orí èyí tó ń mú nọ́ńbà fóònù aláìsàn wá, ẹ̀rọ tó ń yẹ iṣẹ́ wò figbe bọnu: ó lè ṣófo o! Mo ní kó panu mọ́. Mo kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ni nígbà gbogbo, kì í ṣófo: ìlà kejìlélógóje nìyẹn. Ó ti sú mi...

"Bọ̀dá, ṣé ó dájú? Kí n lè yọ àyẹ̀wò òfo tèmi kúrò." Ìyá Ìbejì ló bi mí.

"Ó dájú ṣáká. Ṣé mo jọ òpùrọ́ ni?"

Mo tún rẹ́rìn-ín. Àgbàyà.

Láàárọ̀ yìí, aláìsàn tí kò ní fóònù ló ṣáájú lórí ìwé. Kóòdù Ìyá Ìbejì, tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sáwọn aláìsàn, ṣubú gbalaja. Gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn ẹni yẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́ pé òní lòun máa rí dókítà. Ọ̀gá béèrè: "Ta ló yọ àyẹ̀wò yìí?" "Èmi ni, sà." Ìyá Ìbejì ló dáhùn. Ó wò mí. Kò dárúkọ mi. Ká ní ó tiẹ̀ bú mi...

Wọ́n máa lé e. Wọ́n máa lé ìyá ọlọ́mọ.

Ọmọ mi náà ti bi mí rí: "Dádì, ṣé ẹ máa wá lọ́jọ́ tí mo bá gboyè?" Ó dájú ṣáká, ọmọ mi. N kò lọ. Wọ́n ní ọmọ náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí àga mi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kí n kan ilẹ̀kùn. Kí n ní, sà, èmi ni. Ìṣẹ́jú kan péré. Mo na ọwọ́ — kí ló wúwo léjìká mi yìí? Báàgì mi. Nígbà wo ni mo gbé e? Mo ti dìde. Mo ti kọjá tábìlì mẹ́ta, ọ̀nà ìta ni mo kọjú sí.

Báyìí náà ni. Ibi iṣẹ́ mẹ́sàn-án, ìlú mélòó... N kò pinnu láti sá rí. Mo kàn máa ń bá ara mi lójú ọ̀nà ni.

Lẹ́yìn gíláàsì, Ìyá Ìbejì ń wo báàgì náà. Kò yà á lẹ́nu.