Ibi Tí Ọwọ́ Gẹ̀rígẹ̀rí Kò Dé

Gẹ̀rígẹ̀rí kan wà tó jẹ́ pé kò sí orí ọkùnrin kan ládùúgbò rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tí ì kàn, àtọmọdé àtarúgbó, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan òun fúnra rẹ̀. Kì í ṣe pé ó burú léèyàn. Ìyàwó rẹ̀ ló rìnrìn àjò. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo bímọ sí òkè òkun, ìyá rẹ̀ sì ní òun fẹ́ lọ bá a tọ́jú ọmọ fóṣù mélòó kan. Oṣù di ọdún. Ọmọ tí wọ́n ní kí ìyá àgbà wá gbé pọ̀n ti ń sáré kiri inú ilé, ìyá àgbà ò tí ì padà. Gbogbo ìgbà tó bá pe ọkọ rẹ̀ ló máa ń sọ pé, "Mò ń bọ̀, Dádì, mò ń bọ̀." Bíbọ̀ náà wá dà bí òjò tó ṣú tí kò rọ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ ilé yẹn ló lé ọkùnrin náà dé jíìmù. Bó bá ti ṣọ́ọ̀bù tán nírọ̀lẹ́, kàkà kó lọ jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tó ń dá sọ̀rọ̀, á yà sí jíìmù náà, ilé ìgbérin tó wà lẹ́yìn ilé epo. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ sọ ọ́ ní Àgbà Irin. Bó bá ti wọlé ni wọ́n á pariwo, "Àgbà Irin! Ẹ̀yin gan-an là ń retí!" Inú rẹ̀ a dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé bí ọ̀dọ́ bá ń yin àgbàlagbà, egungun rẹ̀ a máa gbàgbé ọjọ́ orí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó fẹ́ fi irin kún irin. Kóòṣì wọn, géńdé kan tí ọrùn rẹ̀ nípọn bí òpó, ní, "Àgbà, ẹ má fi kún un o. Èyí tó wà ńbẹ̀ ti tó yín."

"Èmi tí mo ń gbọ́wọ́ sókè láti àárọ̀ dalẹ́?" ló fi dá a lóhùn. Ó fi kún un. Ó gbé e kúrò láyà, ó ń tì í lọ sókè, kò tí ì kọjá orí rẹ̀ tí nǹkan kan fi ta fín-ín nínú èjìká ọ̀tún. Ó rọra sọ irin náà kalẹ̀ kí wọ́n má baà fura, ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ní ó tó fún tòní. Ó gbá ọwọ́ mọ́ ikùn lọ sílé bí ẹni tó ń fi búrẹ́dì pamọ́ fún òjò.

Ìgbà tó fẹ́ bọ́ aṣọ ni wàhálà tó bẹ̀rẹ̀. Aṣọ jíìmù yẹn fún, òógùn sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Ó fi ọwọ́ òsì fà á sókè, ó dé orí, kò lọ mọ́. Ló bá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ bò ó lójú, apá kan nílẹ̀, apá kan lókè.

"Ẹ wá wo ẹja nínú àwọ̀n," ló sọ, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà lu ògiri, ó padà sí i létí. Kò sẹ́ni tó bá a rín in. Ẹnu ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ò ti pa á lẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tó yá, ó táràrà lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó fi etí aṣọ kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó sì ń fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ títí aṣọ fi bọ́.

Ó kan ìpara. Ibi tó ń dùn ún ti wọ ẹ̀yìn lọ, lábẹ́ egungun èjìká. Ó gba òkè, ọwọ́ ò dé e. Ó gba ìsàlẹ̀, ọwọ́ ò dé e. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ó wá fi ìpara sẹ́yìn ṣíbí ńlá kan, ó ń fi í ra ẹ̀yìn ara rẹ̀ bí ẹni ń kun ògiri.

Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ kan tó ga bí àkàbà wá gẹrun. Gẹ̀rígẹ̀rí gbé kílípà, ọwọ́ kò dé àtàrí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sún wálẹ̀ díẹ̀."

Olùkọ́ sún. Gẹ̀rígẹ̀rí ní, "Ó tún kù díẹ̀ sà."

"Ṣé kí n kúkú dùbúlẹ̀ ni?" Olùkọ́ wojú rẹ̀ nínú dígí, ó rí i bó ṣe ń fún ojú pọ̀. "Gẹ̀rígẹ̀rí, ẹ gba ọsibítù lọ. Mo lè gbé irun mi lọ sílé bẹ́ẹ̀."

Ọsibítù ló lọ. Ọmọbìnrin kan tó ń tọ́jú eegun àti iṣan ló rí.

"Bàbá, kí lẹ gbé?"

"Irin."

"Irin kí ni?"

"Irin jíìmù."

Ọmọbìnrin náà fi eyín di ètè mú kó má baà rẹ́rìn-ín. Ó yẹ èjìká náà wò, ó ní kò yẹ̀, nǹkan kan ò sì já, iṣan ló fà. Ó ní kó fi irin sílẹ̀ ná, kó máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì máa dojú kọ ògiri nílé, kó máa fi ìka rìn gun òkè lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé èjìká náà, ó ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.

Ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Ọkùnrin náà gbìyànjú láti rántí ìgbà tí ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn, kò rántí. Omi lé sí i lójú.

"Ṣé ó ń dùn yín ni?"

"Rárá o, Dókítà. Ẹ má gbé e kúrò."

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kó tó mọ̀. Ọmọbìnrin náà kò gbé e kúrò. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ ọsibítù wá di ọjọ́ pàtàkì. Á wẹ̀, á lọ aṣọ, á fín lọ́fínńdà bí ẹni tó ń lọ kí àna. Ara rẹ̀ ń yá, inú rẹ̀ ò sì dùn sí i. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin náà gbé apá rẹ̀ sókè, ó kan etí, kò dùn ún rárá.

"Ẹ kú oríire, Bàbá. Ẹ ò nílò wa mọ́."

"Ó ṣì ń dùn mí díẹ̀ o."

"Níbo?"

Ó fọwọ́ tọ́ka síbẹ̀.

"Bàbá, èjìká òsì nìyẹn."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ọmọbìnrin náà fa àga, ó jókòó. "Ta lẹ̀ ń bá gbélé, sà?"

"Ìyàwó mi rìnrìn àjò."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé èjìká dùn yín?"

Ó fa aṣọ rẹ̀ wọ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ìyàwó rẹ̀ pè é lórí fídíò, ọmọ ọmọ lórí itan rẹ̀, tó ń fa gèlè rẹ̀. Ọkùnrin náà sọ gbogbo rẹ̀, látorí irin dórí aṣọ. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí.

"Dádì! Ẹ̀yin àti irin, irin ta ni?" Ó nu omijé ẹ̀rín kúrò lójú. "Ta ló wá ń bá yín fi ìpara sẹ́yìn?"

"Ṣíbí."

"Kí lẹ wí?"

"Ṣíbí ni mo fi ń pa á."

Obìnrin náà gbé ọmọ sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Wàá ní kí n má lọ síbẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń pariwo orúkọ mi." Ó mí kanlẹ̀. "Ìgbà wo lo ń bọ̀?"

Kò bi í bẹ́ẹ̀ rí. Obìnrin náà la ẹnu láti sọ èyí tó máa ń sọ, ó pa á dé.

"Mi ò mọ̀, Dádì. Bí mo bá lọ, kò sẹ́ni tó máa gba ọmọ yìí lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ tó bá ń lọ síbi iṣẹ́. Èmi náà ńkọ́? Bí ọmọ bá sùn lọ́sàn-án, fèrèsé ni mo máa ń lọ dúró sí. Mi ò mọ ẹnì kankan lójú títì yìí."

Ó ya ọkùnrin náà lẹ́nu. Gbogbo ọjọ́ tó ti ń dá jókòó, ó rò pé inú ariwo ni ìyàwó òun wà.

Kò sẹ́ni tó pa fóònù. Obìnrin náà gbé tirẹ̀ lé orí tábìlì, ó lọ gbé omi tíì kaná. Àjà ilé nìkan ni ọkọ rẹ̀ ń rí, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ bó ṣe ń wọ́ bàtà nílẹ̀, bó ṣe máa ń wọ́ ọ látijọ́.

Títí di òní, obìnrin náà kò tí ì dé. Gẹ̀rígẹ̀rí ti padà sí jíìmù, irin wẹ́wẹ́ ló ń gbé, wọ́n ṣì ń pè é ní Àgbà Irin. Láràárọ̀, kó tó jáde, wọ́n á pe ara wọn, wọn ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀, kálukú á máa ṣe tirẹ̀. Nígbà mìíràn nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já lójijì, ojú fóònù á ṣú. Á dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀ bóyá yóò padà. Bí kò bá padà, á mu tíì rẹ̀ tán, á ti ilẹ̀kùn, á lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.