Oògùn Bàbá Àdínì

Bàrákátù ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù kí Alhaji Mùsílíù tó mọ ẹni tó jẹ́. Àdìrẹ tó ń ká ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó Abdulbaqi! Ìyàwó ọ̀tá rẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀, ní Ìtòkú, lójú gbogbo ayé.

"Alhaji, ẹ ṣàánú mi. Bàbá Àdínì ti kọ oògùn."

"Oògùn wo?"

"Ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ó di ọjọ́ kejìlélógún lónìí. Wọ́n ní ara wọn ti yá, kí ni wọ́n tún ń gbé mì? Dókítà sọ ọ́ tì, àwọn ọmọ sọ ọ́ tì. Rodiat tó ń ta oògùn fún wa n'Ìbarà ló ní kí n wá ẹni tó ń lo irú ẹ̀ tí kì í pa ọjọ́ kan jẹ, kó bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀."

Inú Mùsílíù dùn. Ẹ jẹ́ ká má purọ́, inú rẹ̀ dùn dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀.

Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, òun ni wọ́n fẹ́ wé láwàní Bàbá Àdínì fún. Rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́ ọ lẹ́nu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, ó sì ti fi í sílẹ̀. Abdulbaqi, tí wọ́n jọ gbé wàláà lọ sílé kéwú, ló dìde láàárín àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí: "Ẹni tí ikú ti sàmì sí lára lẹ fẹ́ wé láwàní fún? Kó tó pọ́dún, ẹ ó tún máa wá ẹlòmíràn." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wé e fún Abdulbaqi.

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Láti ọjọ́ náà ni Mùsílíù ti ń gbé oògùn tirẹ̀ mì lójoojúmọ́, kì í ṣe nítorí aya tàbí ọmọ. Ó fẹ́ wà láàyè kó lè bá wọn sin Abdulbaqi ni.

"Dìde, Ìyàwó. Màá lọ."

Ó gun ọ̀kadà kan, Bàrákátù gun òmíràn tẹ̀ lé e. Kí wọ́n tó dé ilé Abdulbaqi ní Ìtòkò, ó ti to irọ́ rẹ̀ jọ. Yóò ní òun náà ti fi oògùn sílẹ̀, pé omi ààyù àti àdúrà ti tó. Irọ́ kékeré ni. Ikú yóò ṣe ìyókù.

Ó bá Abdulbaqi lórí àga ní pálọ̀, láwàní lórí, nínú ilé ara rẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Láwàní yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Inú bí Mùsílíù débi pé irọ́ tó tò pòórá.

"Wọ́n rán ọ sí mi ni?" ni Abdulbaqi wí. "Lọ sọ fún wọn pé mi ò lò ó."

"Má lò ó!" Mùsílíù figbe ta. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, Abdulbaqi, má lò ó! Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń lo tèmi nítorí rẹ. Aṣọ funfun tí màá wọ̀ wá síbi jànáásà rẹ ti wà nínú àpótí. Láwàní orí rẹ yẹn, mo ti mọ bí màá ṣe wé e. Ìwọ ṣáà máa sinmi oògùn. Ó ti ń pẹ́ jù lójú mi."

Bàrákátù, tó ń gbé omi àlejò bọ̀, dúró gbagidi.

"Ìwọ Mùsílíù, lo máa sin mí?"

"Èmi ni."

"Bàrákátù! Oògùn yẹn dà? Gbé omi yẹn wá!"

Abdulbaqi ju hóró kan sẹ́nu, ó fi omi lé e, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Mùsílíù. Ó wá yọ ahọ́n síta gbọọrọ, àgbàlagbà ẹni àádọ́rin ọdún, kí ọ̀tá rẹ̀ lè rí i pé ó ti wọlé. "O rí i? Wá lọ́la, wàá tún rí i. Máa wá lójoojúmọ́ títí tó o fi máa kú!"

Mùsílíù jáde láìdágbére. Bàrákátù sáré bá a lójúde, omijé lójú rẹ̀. "Alhaji, Ọlọ́run á san án fún yín."

"Mi ò ṣe é nítorí rẹ," ló fèsì. Òótọ́ ló sì sọ.

Ọ̀kadà mẹ́ta kọjá, kò dá ìkankan dúró. Ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ, ó ń ṣa èébú tí yóò kó wá lọ́la jọ. Ó wá ayọ̀ tó bá a ní ṣọ́ọ̀bù nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ẹ̀rù ló bá níbẹ̀, pé òun lè dé ẹnu ọ̀nà yẹn lọ́la, kí òun kan ilẹ̀kùn títí, kí ẹnikẹ́ni má sì bú òun láti inú ilé.