Síkẹ́ẹ̀tì Onírọ́bà

Píìnì wà lẹ́nu aránṣọ náà, fóònù sì há sáàárín etí àti èjìká rẹ̀, nígbà tí obìnrin tó ń bá a sọ̀rọ̀ ní kò sí àyè títí ọdún yóò fi parí. Ó fẹ́ fèsì, ó rántí píìnì ẹnu rẹ̀, ó wá kùn bí ẹni tí eyín ń dùn. Níwájú rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ dúró sórí àpótí, ó gbé apá méjèèjì sókè kí ìyá rẹ̀ lè bá a dín síkẹ́ẹ̀tì tó ń yọ̀ bọ́ nídìí rẹ̀. Kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n dín síkẹ́ẹ̀tì yìí kan náà gbẹ̀yìn. Òjò ò sì tíì dá.

"Wọ́n ní kò sáyè," ni ìyá wí nígbà tó yọ píìnì lẹ́nu tán.

"Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ nígbà náà, Màámi."

"Ta ló fẹ́ fi kí ni sílẹ̀? Dúró dáadáa."

Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti dákú lẹ́nu iṣẹ́, ní ilé ìtẹ̀wé tó ti ń to ìwé, ni ìyá rẹ̀ ti ń wá ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Dókítà ilé ìwòsàn yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó yẹ inú wò, ó ní àìsàn náà kò sí níbẹ̀. Ó ní oúnjẹ fúnra rẹ̀ ló ń ba ọmọ yìí lẹ́rù. Òun á máa ṣọ́ ara ọmọ náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n wá ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu tọ́jú èèyàn. Aránṣọ rò pé ìyẹn ò lè le. Ọ̀rọ̀ ẹnu mà ni! Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí jẹ́ ọkùnrin kan tó fi gbogbo rẹ̀ ṣẹ̀rín, tó ní bí ebi bá pa ọmọ náà dáadáa, kò ní í dúró kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó tó jẹun. Aránṣọ fi inú bú u títí wọ́n fi délé. Ẹnì kejì ní àìsàn náà ti ju agbára òun lọ. Ìyẹn ló ya aránṣọ lẹ́nu jù, àfi bí ìgbà tí aránṣọ bá ní òun ò lè rán aṣọ nítorí pé ó ya. Ẹnì kẹta ni obìnrin orí fóònù yìí.

Bí wọ́n ṣe wà lẹ́nu rẹ̀ ni tíṣà kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ wọlé wá gba kaba. Kaba yìí, tíṣà bẹ̀bẹ̀ títí kó fi rọ́bà sí i nídìí, aránṣọ kọ̀ jálẹ̀, ó ní aṣọ onírọ́bà, aṣọ ọ̀lẹ ni, aránṣọ tí kò mọ ìwọ̀n ló ń rán an. Tíṣà wo ọmọ tó wà lórí àpótí, ó wo ìyá. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Aránṣọ mọ èyí ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, torí ọ̀rọ̀ ilé gbogbo àdúgbò ló ti bọ́ sórí tábìlì rẹ̀, kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ojú ti ń pọ́n ọn. Ó sá tirẹ̀ níwájú tíṣà lọ́jọ́ náà.

"Kí ló dé tẹ́ ò ti sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí?" ni tíṣà wí. "Ó ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà. Obìnrin kan wà lókè ilé oníṣègùn eyín, òun ló tọ́jú ẹ̀. Ẹ pè é. Ẹ pè é báyìí-báyìí, kí n máa wò yín."

Obìnrin náà gbé fóònù fúnra rẹ̀. Ó ní ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òun ò ní í lè wá lọ́sàn-án yẹn, kí wọ́n máa bọ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó kù kò béèrè.

"Ṣé òun fúnra ẹ̀ fẹ́ wá?"

Aránṣọ wo fóònù náà bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n sọ sí i, ó sì nà án sí ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà tẹ́tí, ó fi ọwọ́ kan di síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú. "Mi ò mọ̀, mà," ló wí. "Ó ti rẹ̀ mí, mà." Nígbà tó yá ló ní, "Màá wá."

Ọmọ náà dúró sinmi lórí àtẹ̀gùn ilé oníṣègùn eyín kí wọ́n tó dókè. Yàrá náà kéré: àga mẹ́ta, fèrèsé kan, páálí tíṣù lórí tábìlì. Ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín ń gòkè wá láti ìsàlẹ̀. Ohun tí aránṣọ kọ́kọ́ rí lára olùtọ́jú náà ni etí kaba rẹ̀ tó ti tú, tó sì fi píìnì há a. Ṣé ẹni tí kò lè lẹ etí aṣọ ara rẹ̀ ni yóò tún ọmọ òun ṣe? Ó jókòó.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ni olùtọ́jú wí. "Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i pé ó ń rù?"

Aránṣọ la ẹnu. Ìbéèrè tó rọrùn ni. Bí oníbàárà bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà ni òun ti ń mọ̀ bóyá ó sanra tàbí ó rù, débi tí wọ́n fi ń dá a lápàárá pé ojú rẹ̀ ni téèpù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò rù lójú rẹ̀ rí. Báwo ni ì bá ṣe rí i, nígbà tí aṣọ ọmọ náà ń bá a mu lójoojúmọ́? Bó bá ti ṣò díẹ̀, ìyá rẹ̀ á dín in. Bó bá tún ṣò, á tún dín in.

"Èmi ni mo ń dín aṣọ ẹ̀," ló wí níkẹyìn.

Olùtọ́jú kò bá a wí. Ó ní kí òun àti ọmọ náà dá jókòó díẹ̀, aránṣọ sì bọ́ síta, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Tirẹ̀ ò dúró kí ọ̀ràn parí, orí bẹ́ǹṣì ìta yẹn ló ti wá bá a. Ó rántí ọmọ náà ní kékeré, bó ṣe rí rọ̀bọ̀tọ̀, tí òun ń pè é ní Rògbòdò níwájú àwọn oníbàárà, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń rẹ́rìn-ín, tí ọmọ náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ ló fi ń pè é. Ó rántí ọjọ́ tí síkẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ ṣò lára rẹ̀, tí òun pàtẹ́wọ́, tí òun kígbe pé, "Ẹ wá wo Rògbòdò mi, ó ti di ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́!" Bí ojú ọmọ náà ṣe tàn lọ́jọ́ yẹn! Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Tirẹ̀ kò fọ́. Ọmọ náà ló gbé e, tó sì ń sàba lé e láti ọjọ́ náà.

Èyí tó wá dùn ún jù ni ti àlékún. Kò sí aṣọ tí yóò rán tí kò ní í fi àlékún díẹ̀ sílẹ̀ nínú ojú rírán rẹ̀, bí ìka méjì, nítorí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ máa ń fi rúlà gbá a lọ́wọ́ bó bá gbàgbé. "Ara èèyàn kì í ṣe igi," ni ọ̀gá á wí, "fi àyè sílẹ̀ fún un." Aláboyún, ìyàwó tuntun, bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ikùn, gbogbo wọn ló fi àyè sílẹ̀ fún. Ti ọmọ rẹ̀ nìkan ló gé dànù. Ọmọ náà ló ní ó ń wú lábẹ́ aṣọ, kí ìyá òun jọ̀ọ́ gé e. Ìyá rẹ̀ sì gé e, ó ní, "Kí la tún fẹ́ fi í ṣe? A ò padà síbẹ̀ mọ́." Ó ń kó àjákù rẹ̀ sínú tìmùtìmù tó ń gún píìnì mọ́. Tìmùtìmù ń sanra lójú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń rù. Ó sunkún níbẹ̀, ó sì fi ìborí nu ojú kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Ojú ọmọ náà pọ́n nígbà tó jáde. Olùtọ́jú ní òun gbà á. Òun àti dókítà ilé ìwòsàn yóò jọ máa ṣe é ni. "Ṣùgbọ́n kò ní í tètè yá o, mà. Lọ́jọ́ mìíràn, á dà bíi pé ẹ̀yìn là ń padà sí."

"Kí wá ni kí èmi ṣe?"

Olùtọ́jú wo ọmọ náà. "Òun ni kẹ́ ẹ bi, mà."

Ìyá kò bi í lọ́nà. Abẹ́ agbòjò kan ṣoṣo ni wọ́n rìn délé. Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, ọmọ náà pààrọ̀ aṣọ, ìyá sì mú abẹ, ó yí inú síkẹ́ẹ̀tì náà síta, ó fẹ́ tú ojú rírán rẹ̀. Ìlà òwú ń bẹ lórí ìlà òwú. Lẹ́yìn wọn, etí aṣọ tí wọ́n gé mọ́ òwú, kò ku àlékún kankan.

"Kò ṣeé tú, Màámi. Ẹ ti gé e."

Kò fi bú u. Bó ṣe rí ló sọ ọ́.

"Mo ti gé e," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo ti gé e, ọmọ mi. Má bínú."

Ọmọ náà ò sọ pé kò sí nǹkan. Ó jókòó sórí àpótí, ó sì ń wò ó.

Aránṣọ fa aṣọ tuntun kan yọ nínú àwọn tó kó jọ sórí pẹpẹ. Láìrò ó, ọwọ́ rẹ̀ lọ sí téèpù ọrùn rẹ̀. Ó rí i tí ọmọ náà fa inú mọ́ra, tó dá èémí dúró. Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ọjọ́ yìí? Ó bọ́ téèpù náà lọ́rùn, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀, ó sì ti dúrọ́ọ̀ pa.

"Báwo lo ṣe fẹ́ kí n rán an?"

Ọmọ náà ronú. "Ẹ fi rọ́bà sí i."

"Rọ́bà?"

"Rọ́bà, Màámi."

Aṣọ ọ̀lẹ. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ìsàlẹ̀ agolo bọ́tìnnì títí, ó rí rọ́bà kan níbẹ̀, ó nà án sí ọmọ náà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì.

"Fi wọn ara ẹ. Mi ò wò."

Ó kọjú sí fèrèsé. Ilẹ̀ ti ń ṣú, iná ṣọ́ọ̀bù sì ti tàn, kò lè ṣe kó má rí i nínú gíláàsì. Ọmọ náà yí rọ́bà mọ́ ìbàdí, ó fi ìka di ibi tó ti pàdé mú. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó sún ìka náà síwájú kó lè ṣò sí i, bí ìka méjì, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbẹ̀.

"Ẹ gé e síbí, Màámi."

Ìyá rẹ̀ gba rọ́bà náà, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó sì gé e síbẹ̀ gan-an.