Ilé Tí Kò Ní Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn

Ilé mẹ́jọ ni Olúwatìmílẹ́yìn yàwòrán wọn, tí a sì kọ́ sí ìpẹ̀kun ìlú Òmù-Àrán. Gbogbo wọn dojú kọ àgbàlá kan ṣoṣo. Ilẹ̀kùn kan péré ni ilé kọ̀ọ̀kan ní, kí ẹnikẹ́ni má baà lè wọlé tàbí jáde láìkí aládùúgbò rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Rúùtù, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni ó kọ́kọ́ fún ní ilé níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Rúùtù múra ilé ìwòsàn. Kókó kan wà ní ọmú rẹ̀. Oṣù kẹta nìyí tí ó ti ń fi í pamọ́. Kò tíì dé ìdajì àgbàlá tí Jàrátù, aládùúgbò rẹ̀, fi nàró nídìí kànga.

"Ẹ kú òwúrọ̀ o, Màmá. Ibo lẹ ń rè tẹ́ ẹ fi wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Àbí ẹ ti rí ọkọ tuntun ni?"

Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Bùkárì yọjú lójú fèrèsé: "Ẹ jẹ́ ká sìn yín lọ, ká lè yẹ ọkọ náà wò!"

Wọn kò ní ìkà nínú, ṣùgbọ́n wọn yóò tẹ̀ lé e dájú. Rúùtù ní gààrí ni òun fẹ́ lọ rà. Jàrátù sáré wọlé, ó bu gààrí kún abọ́ wá fún un. Rúùtù gbà á, ó dúpẹ́, ó padà sílé. Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyẹn tí kò fi dé ilé ìwòsàn.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ní: "Tìmílẹ́yìn, la ilẹ̀kùn kan sí ẹ̀yìn ilé yìí fún mi."

"Ẹ̀yìn kẹ̀? Màmá, agboolé bàbá yín ní Rore, tí ẹ máa ń ròyìn fún mi, ni mo wò kọ́ ọ. Ẹ ò mẹ́nu ba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rí."

Òótọ́ ni. Àgbàlá àti àjọjẹ iṣu ni ó ròyìn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́yìn agboolé náà, tí ó já sí oko. Ibẹ̀ ni aláìsàn tí kò fẹ́ ariwo ń gbà jáde; ibẹ̀ ni ọmọ tí ó mú ìtìjú dé ń gbà wọlé. Ẹni tí ó bá rí wọn kò gbọdọ̀ kí wọn. A kì í sọ̀rọ̀ ibẹ̀. Nítorí náà ni kò fi sọ ọ́.

"Ta ni yóò máa gba ibẹ̀, Màmá? Bí mo bá la tiyín, gbogbo ilé á fẹ́ tiwọn. Àgbàlá á dahoro."

Rúùtù ti fèrèsé. Ó fi ẹnu sí etí ọmọ rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kókó náà fún un.

"Yéè! Màmá mi o!"

Kí Rúùtù tó fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, ilẹ̀kùn méje ti ṣí.

"Màmá! Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa!" Ohùn Jàrátù ni.

Rúùtù bojú wo ẹ̀yìn. Ògiri ni.