Ẹni Tó Fẹ́ Gba Àkójọ Lọ́wọ́ Léontine

Ọdún kejìlá rèé tí Léontine ti ń tọ́jú àkójọ kan lórí ayélujára. Olùkọ́ ìṣirò ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Idigny, ọkọ rẹ̀, Àkànmú, sì ń gbin iṣu àti àgbàdo lọ́nà Okpomèta. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé ó ní iṣẹ́ kan tó ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́.

Kò sì le láti sọ. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kárí ayé máa ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ wọn: èyí tó ń ṣírò òjò, èyí tó ń wá àrùn inú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń ya àwòrán ilẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í tà á. Wọ́n á ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó, kó sì tún un ṣe, lórí Linux, ètò tó ń gbé kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, àti irú rẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń kó wọn sí fọ́n káàkiri. Àkójọ Léontine ló ń sọ fún èèyàn pé èyí wà níbí, èyí ṣì ń ṣiṣẹ́, èyí ti kú, ẹ má wá a mọ́. Ètò tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀jọ. Líǹkì kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ wò, nítorí ohun orí ayélujára a máa ṣípò láìdágbére.

Òun àti Barnabé, ọmọ Kpankou, ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní yunifásítì. Orúkọ Barnabé ni wọ́n fi gba àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì náà. Lẹ́yìn náà Barnabé ríṣẹ́ sí Kánádà. Ó ń fèsì lẹ́tà Léontine dáadáa, ó wá ń fèsì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó yá kò fèsì mọ́. Ó ti di ọdún mẹ́rin tí Léontine ti gbọ́ ohùn rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Bí kíláàsì bá ti tú, Léontine á gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, nítorí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró. Á jókòó síbẹ̀ títí ẹ̀yìn á fi máa ro ó. Ó ti fẹ́ fi í sílẹ̀ rí. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ibà dá a dùbúlẹ̀, ìkànnì náà sì kú fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó dìde, lẹ́tà mọ́kànlélógójì ló bá. Àwọn kan bú u bí ẹni pé ọmọ ọ̀dọ̀ wọn ni. Nọ́ọ̀sì kan ní Màláwì kọ̀wé pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó parẹ́, ibẹ̀ nìkan la mọ̀." Ti nọ́ọ̀sì yẹn ló mú un mọ́lẹ̀. Ẹni tó bú ọ, o lè kẹ̀yìn sí i. Ẹni tó bẹ̀ ọ́ ńkọ́?

Àkànmú kì í jà. Ó kàn sọ lọ́jọ́ kan pé, "Bí ilé yìí bá ń jó, líǹkì ni wàá kọ́kọ́ yẹ̀ wò."

"Kò rí bẹ́ẹ̀."

"Nígbà tí a ń sin bàbá rẹ, níbo lo wà?"

Ẹ̀yìn táǹkì ló wà.

Nínú oṣù kẹta ọdún yìí, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Rodolphe kọ ímeèlì sí i. Ó ní ọmọ Pobè lòun, pé òun ń ṣiṣẹ́ kẹ́míkà nílẹ̀ Faransé, àti pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń lo àkójọ náà. Ó fi Nàgó kọ ìlà kan sísàlẹ̀ pé, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Léontine ka ìlà náà. Láti ọdún méjìlá yìí wá, kò sí ẹni tó kí i kú iṣẹ́ yẹn lédè rẹ̀ rí.

Fún oṣù méjì gbáko, Rodolphe ń bá a wá líǹkì tó ti kú, ó sì ń rí wọn. Ó wá kọ̀wé pé, "Ẹ ò ṣe jẹ́ kí n gbà á lọ́wọ́ yín? Ó ti tó gẹ́ẹ́." Omi bọ́ lójú Léontine. Ọjọ́ Jímọ̀ ló fún un ní ọ̀rọ̀ ìwọlé. Lọ́jọ́ Àìkú, ó bá Àkànmú lọ sóko, ó kọ ebè títí di ọ̀sán, ó sì sùn sábẹ́ igi bí ọmọdé. Ara rẹ̀ fúyẹ́.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Lákòókò ìsinmi láàárín kíláàsì, Fabiola pè é. Ó ti kọ́ Fabiola rí. Ọmọbìnrin náà ti wà ní yunifásítì báyìí, ó sì ń ṣèwádìí ní Kétou lórí èbu tó ń ba àgbàdo jẹ́ nínú àká.

"Tàtá Léontine, ẹ káàárọ̀ o. Mo gba ètò tó ń ya gíráàfù lórí àkójọ yín. Ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ àṣírí kọ̀ǹpútà mi kí òun tó ṣí."

"Èwo nínú wọn?"

Fabiola dárúkọ rẹ̀. Léontine mọ ètò náà bí ẹní mọ ọmọ àbúrò rẹ̀. Kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ èèyàn.

"Ṣé o ti kọ ọ́?"

"Rárá. Ẹ̀rù ló bà mí ni mo ṣe pè yín."

"Má kọ ọ́. Pa ẹ̀rọ náà báyìí báyìí."

Ó sáré lọ sí ẹ̀yìn táǹkì. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ní òǹkà gígùn kan tí ẹni tó ṣe é fi sílẹ̀. Bí lẹ́tà kan bá yí padà nínú fáìlì náà, òǹkà á yàtọ̀. Ó fi òǹkà fáìlì tí líǹkì àkójọ gbé wá wé èyí tí ẹni tó ṣe é kọ. Wọn ò jọra, ẹnì kan ti yí líǹkì náà sí fáìlì mìíràn. Ó yẹ òmíràn wò, wọn ò jọra. Ó ka ogójì, ó dẹ́kun kíkà. Ó fẹ́ wọlé láti yọ wọ́n, ìkànnì ní òun ò mọ̀ ọ́n; ọ̀rọ̀ ìwọlé ti yí padà. Ó kọ̀wé sí Rodolphe. Kò sí èsì. Aago lù, ó padà sí kíláàsì, ó mú ṣọ́ọ̀kì dání, kò sì lè rántí ohun tó fẹ́ kọ sójú pátákó. Bó ṣe dúró síbẹ̀ yẹn, ẹnì kan níbì kan ń fọkàn tán àkójọ rẹ̀, ó ń tẹ líǹkì.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: àdírẹ́ẹ̀sì náà ṣì wà lórúkọ Barnabé. Bí ilé-ẹ̀kọ́ ti jáde, ó gun zémì, alùpùpù akérò, lọ sí Kpankou.

Ìyá Barnabé ń bó gbágùúdá níwájú ilé. "Léontine! Ọjọ́ wo la rí ọ gbẹ̀yìn?"

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Barnabé. Bó bá jẹ́ èmi ni mo pè, kò ní gbé e."

Ìyá náà wò ó, ó nu ọwọ́, ó sì pè é. Kíá ni Barnabé gbé e.

"Ìyá, ṣé kò sí o?"

Léontine gba fóònù. "Barnabé, èmi ni. Má gé e."

Ó ṣàlàyé.

"Gbogbo lẹ́tà rẹ ni mo kà," ni Barnabé wí.

"O kà wọ́n?"

"Mo mọ̀ pé bí mo bá dáhùn ẹyọ kan, màá tún wọ inú rẹ̀ padà ni. Mo sá, Léontine."

"Èmi náà ì bá sá. Ìwọ lo ṣáájú."

Ìyá rẹ̀ na ọrùn sí fóònù náà. "Barnabé, ohun tó ní kí o ṣe, ṣe é."

Wákàtí yẹn gan-an ló ṣe é. Ó yí àdírẹ́ẹ̀sì kúrò lórí ẹ̀rọ tí Rodolphe ti gbé àkójọ náà sí. Léontine ní ẹ̀dà tó ti ṣe pa mọ́ kó tó gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀dà yẹn ló gbé padà. Ó wá kọ lẹ́tà sí gbogbo ayé, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i: "Èmi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ lé olè lọ́wọ́." Fabiola kò pàdánù nǹkan kan. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ní Bòlífíà tó ń wọn odò ti kọ ọ̀rọ̀ àṣírí tirẹ̀ fún ètò ayédèrú náà, ó sì pàdánù iṣẹ́ ọdún méjì. Kò bú Léontine. Ó kàn béèrè bóyá a lè rí i padà. Léontine kọ̀wé sí i pé rárá, kò sì lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn lẹ́tà yẹn, èèyàn márùn-ún kọ̀wé pé àwọn fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ pé èèyàn dáadáa ni gbogbo wọn. Ó ka orúkọ wọn títí, kò rí bí òun ṣe lè mọ̀. Kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Nígbà tó ṣe, Barnabé ní kí àdírẹ́ẹ̀sì náà kúkú di ti Léontine. Fọ́ọ̀mù kan wà tí Léontine gbọ́dọ̀ kọ. Àkànmú ti gbé alùpùpù wá mú un relé láti ẹ̀yìn táǹkì, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo bó ṣe ń kọ ọ́. Ìbéèrè ìkẹyìn ni pé: ta ni kí a kàn sí bí ẹ kò bá sí mọ́?

"Kọ orúkọ mi," ni Àkànmú wí.

"Ṣé o mọ ohun tí wàá ṣe sí i?"

"Màá tì í pa."

Kò rẹ́rìn-ín. Léontine náà ò rẹ́rìn-ín. Ó fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kọ̀, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ kọ nǹkan síbẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún kọ̀. Ó wá kọ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rọ sì gbà á.